Ṣé O Mọ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Lọ Kọ́gbọ́n Lẹ́nu Ọdẹ

Ìwọ tó ń gbé Abúlé Adó, tó ń gba iwájú Festac kọjá lọ síbi iṣẹ́, ìbéèrè rèé fún ọ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá (1926–2008), àgbà onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn. Dáhùn èyí tó o bá lè dáhùn. Èyí tó bá ta kókó, a ó jọ tú u.

Ṣé o mọ̀ pé àlejò ni ìjọba kọ́ Festac Town fún? Àwọn òṣèré àti onímọ̀ tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni wọ́n fi wọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò yẹn fi máa gúnlẹ̀, ìwé Babalọlá lórí ìjálá tí àwọn ọdẹ ń sun, *The Content and Form of Yoruba Ìjálá*, ti jáde ní Oxford láti 1966. Kí ìjọba tó fi owó epo gbé àṣà jáde sí gbangba, olùkọ́ kan ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ìpetumodu ni bàbá yìí? Ìpetumodu kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Láti ibẹ̀, ìwé gbé wọn dé Igbobi College ní Yábàá, ó gbé wọn dé Achimota ní Gánà, ó gbé wọn dé Cambridge àti London. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kàwé tó báyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń fi yangàn. Bàbá ní tiwọn, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni wọ́n gbà lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìjálá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran pípa nìkan? Ògún ló ni ín, àwọn ọdẹ ló ń sun ún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè bọ́ sẹ́nu oníjàálá. Á ki erin, á ki ẹfọ̀n, á ki igi inú igbó, á ki ìdílé, á ki ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ lójú agbo. Kì í sì í mọ sí òde Ògún nìkan. Wọn a máa sun ún níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó pẹ̀lú.

Ṣé o mọ̀ pé ohùn la fi ń dá ìjálá mọ̀? Oríkì kan náà lè wà lẹ́nu oníjàálá, kó wà lẹ́nu onírárà, kó tún wà lẹ́nu eléégún tó ń pe ẹ̀sà. Bí ohùn bá ti ń jáde ni etí Yorùbá ti mọ ilé tó ti wá. Ẹni tó gbọ́ Ògúndáre Fọ́yánmu tàbí Àlàbí Ògúndépò rí kò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí lòun ń gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé di oníjàálá? Ọmọ iṣẹ́ a máa tẹ̀ lé ọ̀gá kiri òde fún ọdún gbọọrọ. Á kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, á máa fara wé ọ̀gá, ẹ̀yìn èyí ni á tó dá tirẹ̀ sun.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọdẹ ní lámèyítọ́ tiwọn? Èyí ni ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ Babalọlá. Wọ́n ṣàlàyé pé bí oníjàálá kan bá ń ki ìdílé kan, tó sì ṣì í kì, oníjàálá mìíràn lè dá a dúró lójú gbogbo èèyàn: irọ́ lo pa, mo mọ ìtàn ilé yẹn, gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹni tí wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì gbà wẹ́rẹ́. Ó lè tẹnu mọ́ ọn pé òun ló tọ̀nà. Ó sì lè ní kí ẹnì kejì bọ̀wọ̀ fún òun, kí kálukú máa gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Iwájú èrò ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á, èrò ni yóò sì mọ ẹni tí ìtàn yé. Ẹni tó bá rò pé yàrá ìkàwé Yúróòpù ni lámèyítọ́ ti pilẹ̀, kó lọ jókòó síbi eré ọdẹ.

Ṣé o mọ̀ pé òkìkí ìwé ìjálá náà kọjá ilẹ̀ Yorùbá? Nígbà tí onímọ̀ kan, Ruth Finnegan, kọ *Oral Literature in Africa*, tó jáde ní 1970, ó fa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ yọ lára iṣẹ́ Babalọlá. Báyìí ni ẹnu ọdẹ ilẹ̀ wa ṣe wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé.

Ṣé o mọ̀ pé ìjálá nìkan kọ́ ni bàbá kó jọ? Eré oníṣe *Pàṣán Ṣìnà* ti jáde ní 1958. *Àwọn Oríkì Orílẹ̀* tẹ̀ lé e ní 1967, *Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá* ní 1973, *Àwọn Oríkì Bọ̀rọ̀kìnní* ní 1975. Bó o bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń so Oníkòyí mọ́ ogun, tí a sì ń so ọmọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kó o wò.

Ṣé o mọ àwọn tó jáde ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà? Yunifásítì Èkó, níbi tí Babalọlá ti kọ́ni, ni Wándé Abímbọ́lá ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí Ifá. Ibẹ̀ náà ni Afọlábí Ọlábímtán, òǹkọ̀wé *Kékeré Ẹkùn*, ti gba tirẹ̀ lórí ewì àpilẹ̀kọ ní 1974. Abímbọ́lá padà di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀, ní 2005 ni UNESCO sì kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé. Ọgbà ilé ìwé tí Ifá àti ìjálá ti rí àyè jókòó kì í ṣàdédé wà. Àwọn kan ló jà fún un.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn tí bàbá pé ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n tún gbé ìwé ńlá jáde? Àwọn àti Olúgbóyèga Àlàbá ni wọ́n jọ ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, tó jáde ní 2003.  Orúkọ ni bàbá ń kó jọ. Ìwọ náà wá wo Festac: ìlú tí àṣà bí, nọ́ńbà ló pọ̀ lára òpópónà rẹ̀ dípò orúkọ, First Avenue, 22 Road, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ oríkì orílẹ̀ tìrẹ? Ilẹ̀ Àwórì ni Amúwò-Ọ̀dọ̀fin tí Abúlé Adó wà, ṣùgbọ́n àtọmọ Ìbàdàn, àtọmọ Ìjẹ̀bú, àtọmọ Èkìtì ló kún Abúlé Adó. Pe ìyá àgbà nílé lórí fóònù, kó o sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Má wulẹ̀ dúró lórí ẹyọ ẹnì kan. Gbé ohun tí wọ́n sọ fún àgbà mìíràn gbọ́. Bó bá ní irọ́ ni, má ṣe bínú, má sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Gba tirẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí ìlànà tí àwọn ọdẹ fi kọ́ Babalọlá nìyẹn.