Ìgò Onírùngbọ̀n Láti Ilẹ̀ Jámánì

Lọ́dún 2004, wọ́n hú ìgò amọ̀ kan jáde nínú ilẹ̀ ní Greenwich, ní ìlú London. Ṣe ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Tí wọ́n bá mì ín, nǹkan á máa ró nínú rẹ̀. Nígbà táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ̀ ẹ́ wò, ìtọ̀ èèyàn ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣó, irun, èékánná àti awọ tí wọ́n gé bí àwòrán ọkàn, tí ìṣó sì gún. Kí lẹnì kan ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe?

Iyọ̀ Ló Ń Mú Un Dán

Frechen, nítòsí ìlú Cologne ní Jámánì, ni ojúkò irú ìgò yìí. Àwọn amọ̀kòkò ti kọ́kọ́ ń ṣe é ní Cologne, àmọ́ iná àti èéfín iléru wọn dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti ìjọba ìlú, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá kó lọ sí Frechen.

Tí iléru bá gbóná tó nǹkan bí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ náà á di oru, á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, á sì di awọ dídán bíi gíláàsì. Ìgò náà kì í jò, ọtí kì í sì í jẹ ẹ́. Abájọ tí wọ́n fi ń kó o sínú ọkọ̀ òkun lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n rí i nínú Batavia, ọkọ̀ àwọn ará Netherlands tó rì nítòsí Ọsirélíà lọ́dún 1629.

Ojú ọkùnrin onírùngbọ̀n ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bartmann làwọn ará Jámánì ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fi orúkọ Kádínà Bellarmine pè é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgò náà ti wà kí wọ́n tó bí i lọ́dún 1542.

Ìbẹ̀rù Àjẹ́

Láàárín ọdún 1600 sí 1700, bí àìsàn bá ta kókó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ gbà pé àjẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n á rọ ìtọ̀ aláìsàn sínú ìgò, wọ́n á kó ìṣó sí i, wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀ sábẹ́ ààrò tàbí ẹnu ọ̀nà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìrora á padà sára ẹni tó fi àìsàn náà ránṣẹ́.

Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni tó ni ìtọ̀ ti Greenwich máa ń lo tábà. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, ara ló ń ni ín. Ìgò tí wọ́n mọ fún ọtí ló wá di ibi tó kó ìrètí ìwòsàn rẹ̀ sí.