Kí Ló Dé Tí Tíṣù Kò Tó fún Orí Ẹ̀rọ Scan?

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ó ṣòro kí aláboyún gba ìtọ́jú lónìí kí wọ́n má ní kó lọ ṣe scan. Wọ́n á da jẹ́ẹ̀lì sí i níkùn, wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ lé e, wọ́n á fi tíṣù nù ún, wọ́n á sì pe ẹni tó kàn. Fún ikùn tí awọ rẹ̀ dá ṣáká, bí oògùn apakòkòrò bá tẹ̀ lé tíṣù náà, kò burú. Ibi tí wàhálà wà ni orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ojú ara obìnrin.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin ni ẹ̀rọ yìí ti wá. Ní July 1955, Ian Donald, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú obìnrin ní Glasgow, kó àwọn kókó tí wọ́n gé nínú àwọn obìnrin lọ sí ilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox, níbi tí wọ́n ti ń fi ìró tí etí kì í gbọ́ wá ibi tó sán nínú irin. Nígbà tó di 1958, òun, John MacVicar àti Tom Brown gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú Lancet. Òróró ólífì ni wọ́n ń fi pa ikùn nígbà náà! Láti ara òde ni wọ́n ti ń wò ó; kò jọ pé ẹnì kan ń ro ti àrùn tó lè ti ara ẹ̀rọ ranni.

Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980 tí orí ẹ̀rọ tó ń wọ ojú ara wọ́pọ̀, ìlànà tó bá a mu ti wà nílẹ̀. Earle Spaulding ti Temple University ti sọ ọ́ pé ohun tó bá kan awọ rírọ̀ inú ara gbọ́dọ̀ wọ oògùn tó lágbára, kì í ṣe nínù lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́kàn lé kọ́ńdọ̀ọ̀mù tí wọ́n fi ń bò ó, bẹ́ẹ̀ kọ́ńdọ̀ọ̀mù a máa lu.

Ní June 2012, àjọ MHRA ní Britain kìlọ̀: aláìsàn kan ti kú nípasẹ̀ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, wọ́n sì so ikú náà mọ́ orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gba ọ̀nà ọ̀fun fi wo ọkàn, tí wọn kò fọ̀ bó ṣe yẹ. Ìkìlọ̀ náà kan ti ojú ara pẹ̀lú. Lọ́dún 2014, olùṣèwádìí Craig Meyers àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún sọ pé nínú àyẹ̀wò àwọn, glutaraldehyde àti OPA, oògùn tí àwọn ilé ìwòsàn gbẹ́kẹ̀ lé, kò pa HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Afẹ́fẹ́ hydrogen peroxide pa á, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń tú u jáde wọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, sípíríìtì ló yá lọ́wọ́. Kò lágbára tó, ó sì lè mú kí rọ́bà ojú ẹ̀rọ là. Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ni ìgò jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń bu kún láti inú kẹ́ẹ̀gì láìfọ̀ ọ́. Kódà èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá lè ní kòkòrò: ní 2012 kan náà, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà rí kòkòrò Pseudomonas nínú jẹ́ẹ̀lì tí ilé iṣẹ́ kan ń tà.

Mi ò rò pé àìmọ̀ nìkan ló fà á; àkókò àti owó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ olówó ńlá yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ jẹ́ẹ̀lì kúrò lára orí ẹ̀rọ, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú OPA fún ìṣẹ́jú 12 gẹ́gẹ́ bí ìlànà Amẹ́ríkà, kí wọ́n ṣàn án dáadáa, kí wọ́n tó pe ẹlòmíì. Ilé scan tó ní orí ẹ̀rọ ojú ara kan ṣoṣo, tí èrò sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pàdánù owó bó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ra ìkejì lè máa wo èèyàn lọ nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà nínú oògùn.