Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀

Ẹ ha lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí kò sí ẹni tí ń wà á bí? Ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà kẹrìnlá ní ọdún 1998 ni kò ti ní awakọ̀. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ọ̀nà kìíní, tí ó ti wà láti ọdún 1900: ní ọdún 2011 àti 2012 ni wọ́n mú awakọ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èrò kò sì yé wọ̀ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ni ń mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé, kí èyí tí ó wà lẹ́yìn má baà kọlu ti iwájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí olùṣọ́: àwọn ènìyàn wà ní iyàrá kan tí wọ́n ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà náà. Ní ti àwa, ilẹ̀kùn etí pèpéle ni a yìn jù, èyí tí kì í ṣí títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ìyá tí ó bá di ọmọ lọ́wọ́ mú níbẹ̀ yóò mọ iyì rẹ̀.

Ibi tí awakọ̀ ì bá jókòó, àwọn ọmọdé ni ó ń dù ú nísinsìnyí, kí wọ́n lè rí inú ihò náà.