"Irin tí kì í dípẹtà": orúkọ àti ewu nínú okùn òpó ọkọ̀ onígbòkun

1. Ìfáárà

Nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun jọ ní èdè Faransé àti Yorùbá, mo bá inox pàdé. Mo kọ "irin tí kì í dípẹtà" sí iwájú rẹ̀, mo sì kọjá lọ. Nígbà tí mo ka bí irin yìí ṣe ń bàjẹ́ lórí agbami, mo padà wá pa á rẹ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

2. Iṣẹ́ okùn ìdúró

Òpó ọkọ̀ onígbòkun kì í sábà dá dúró. Okùn ló dì í mú níwájú, lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gréement dormant ni Faransé ń pe àwọn wọ̀nyí. Èmi ń pè wọ́n ní okùn ìdúró. Ó ya wọ́n sọ́tọ̀ sí gréement courant, ìyẹn okùn fífà, tí a fi ń gbé ìgbòkun sókè tí a sì fi ń darí rẹ̀. Bí okùn ìdúró kan ṣoṣo bá já, òpó lè wó. Níbi tí èbúté ti jìnnà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

3. Ohun mẹ́ta tí a lè yàn

Èkíní ni irin tí a fi síǹkì bò. Bí síǹkì bá jẹ tán, ìpẹtà á hàn síta. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń kìlọ̀ kó tó já.

Èkejì ni inox. Irú tó wọ́pọ̀ jù ni 1×19: fọ́nrán irin 1 wà láàárín, 6 yí i ká, 12 sì yí ìyẹn náà ká. Krómíọ̀mù inú rẹ̀ àti ọ́síjìn ló ń para pọ̀ di awọ tín-ín-rín tó ń dáàbò bò ó. Bí awọ náà bá họ, ọ́síjìn á tún un ṣe. Irú 316, tó ní molíbídẹ́nọ̀mù, ń fara da omi iyọ̀ ju 304 lọ. Àmọ́ níbi tí a ti tẹ ẹnu okùn mọ́ inú ihò irin, omi iyọ̀ lè wọlé kó dúró síbẹ̀, ọ́síjìn kò sì ní tó. Ibẹ̀ ni irin ti ń jẹ láti inú. Mímì tí ọkọ̀ ń mì lójoojúmọ́ sì tún ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Òde ń dán, inú ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 10, bí ojú kò tilẹ̀ rí àbùkù kankan.

Ẹ̀kẹta ni Dyneema, okùn tí a fi fọ́nrán oníke hun. Ó fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lórí omi. Ìpẹtà kò kàn án. Atukọ̀ sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ẹnu rẹ̀ láàárín òkun. Ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́, ohun mímú ń gé e, ó sì ń gùn díẹ̀díẹ̀ bí a bá fà á le láìdẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, a máa ń yan èyí tó nípọn ju bí agbára nìkan ṣe béèrè lọ.

Ní tèmi, inox 316 tó ní ẹnu tí a lè tú wò ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìrìnàjò mu, pẹ̀lú Dyneema gígùn kan nínú ọkọ̀ fún àtúnṣe pàjáwìrì.

4. Ọ̀rọ̀ orúkọ

Inoxydable ni a gé kúrú di inox. Rostfrei ni Jámánì ń pè é, ìyẹn "aláìnípẹtà". Orúkọ méjèèjì ṣe ìlérí tí irin náà kò lè mú ṣẹ. Ti Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀: kì í ń fi hàn pé nǹkan kò jẹ́ ìṣe ohun tí a ń sọ. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní tú ẹnu okùn wò.

Ohun tí mo dábàá ni "irin tí kì í tètè dípẹtà". Tètè nìkan ni mo fi kún un. Ó gba kì í láyè láti dúró, ṣùgbọ́n ó sọ fún atukọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀, kó máa yẹ okùn rẹ̀ wò.