Kí Ẹ Tó Ra Fọ́ọ̀mù Másítà: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Tẹ̀síwájú Nínú Civil Engineering

Owó fọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n bá dé ọ́fíìsì ìmọ̀ràn wa. Àwa náà a bi wọ́n pé, kí lẹ fẹ́ lọ wádìí? Ní dìgírì àkọ́kọ́, ẹ ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ilé, afárá, títì, omi, ilẹ̀. Ní másítà, ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa dì mú, òun náà ni wọ́n sì máa fi mọ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó yan ilé àti afárá yóò bá ìṣirò jìjàkadì. Ti omi kan ọ̀gbàrá, omi ìdọ̀tí àti omi mímu. Ti títì kan ọ̀nà àti ìrìnnà ọkọ̀. Ẹ̀ka ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá wa kì í fẹ́ yà sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó gba ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe irú èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó fi kọ́ni. Bí ẹ bá kó òmíràn nínú rẹ̀ sí ààrò láàbù kó gbẹ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti èyí tí ẹ yẹ̀ wò tòun ti ọ̀rinrin rẹ̀. Etí ọ̀sà l'Ékòó tún yàtọ̀: amọ̀ rírọ̀ àti ẹrẹ̀ tó máa ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá gùn ún. Ìwádìí tó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé wà nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Yálà Yunifásítì Èkó lẹ ń wò ni o, tàbí OAU n'Ífẹ̀, tàbí FUTA l'Ákùúrẹ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé láàbù wọn. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ kúùbù kọnkéré. Mílímítà 150 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 28, wọ́n á gbé e sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Bó bá fọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣí dànù, àárín á wá ṣẹ́ kù bí òkòtó méjì tó forí kanra. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò kẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ. Bí ẹni tó ń mú yín kiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè, ìdáhùn yín nìyẹn.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, tó pa èèyàn tó lé ní 40, a kì í tún ṣàlàyé pẹ́ títí ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ láàbù.

Ní ti ìgbaniwọlé, ẹni tó ní 2:1 kì í sábà ní ìṣòro, ọ̀pọ̀ ilé ìwé sì ń gba 2:2. Ẹni tó ní HND tàbí third class sábà máa ń gba ọ̀nà PGD (dípúlómà tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sí másítà) kọjá. Ẹ tètè lọ bẹ̀rẹ̀ transcript, torí ilé ìwé yín àtijọ́ ló máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè pẹ́. Ẹ má gbàgbé ìwé ẹ̀rí NYSC.

Àwọn kan rò pé másítà ló ń sọ ènìyàn di ẹnjiníà. Rárá o. Àjọ COREN, tí òfin ọdún 1970 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Dìgírì àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àti ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ ò bá tíì ṣiṣẹ́ níbi ìkọ́lé kankan rí, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ná.

Ní ti ẹni tó ń wá owó ẹ̀kọ́, àjọ TETFund ń rán olùkọ́ ilé ìwé gíga ìjọba lọ kẹ́kọ̀ọ́. Àjọ PTDF wà fún ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ epo àti gáàsì tan. Ẹni tó bá fojú sí ìlú ọba lè gbìyànjú Commonwealth Scholarship.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ mú èsì dìgírì yín dání, pẹ̀lú ojú ìwé kan tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ nípa ohun tí ẹ fẹ́ wádìí. A ó bá yín wá olùkọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè kọ̀wé sí i kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.