Alásè Kan Nísàlẹ̀ Òkun, àti Ìwádìí Àwọn Dókítà Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀nà omi Vridi ní Abidjan yóò rí àwọn ọkọ̀ ńláńlá bí wọ́n ti ń ti ojú òkun wọ inú ọ̀sà. Ní ọdún 1950 ni a ṣí ọ̀nà omi náà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti la irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kò rí i ṣe, nítorí pé yanrìn ń dí ohun tí wọ́n bá gbẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ti Vridi dúró ni kòtò ńlá kan tí ó wà nísàlẹ̀ òkun nítòsí ibẹ̀, èyí tí àwọn Faransé sọ ní Ihò-Tí-Kò-Nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni yanrìn ń rọ́ sí. Ihò náà nísàlẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìn kọjá ibi tí òmùwẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ kàn.

Ìjìnlẹ̀ omi báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ nìkan mọ́. Ní ọdún 2021 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Baleine lójú òkun Côte d'Ivoire, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ibi tí ó jìn jù lọ, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun tí a kò ní wá ọmọ ènìyàn tí yóò sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní ọkọ̀ abẹ́ omi bí ti South Africa, Íjíbítì àti Àlùjéríà. Nítorí náà olùgbọ́ kan lè béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ìwádìí tí àwọn dókítà ń ṣe nítorí àwọn atukọ̀ abẹ́ omi. Ìtàn alásè kan ni a ó fi dáhùn.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ kan tí ń fa ọkọ̀ mìíràn, tí a ń pè ní Jascon-4, dojú dé lójú òkun Escravos ní Nàìjíríà. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè wọn, wà nílé ìyàgbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ yí. Omi gbé e kiri títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú yàrá kan níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí. Ọkọ̀ rì dé ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí 30 mítà. Nínú òkùnkùn yìí ni ó wà fún nǹkan bí 60 wákàtí, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé nìkan lára. Kò sí ẹni tí ń wá alààyè. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ tí a rán lọ ń kó. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó nà án mú, ó rò pé ti òkú ni. Ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú.

Kí ni kò jẹ́ kí èémí pa á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsí ọ́ksíjìn ni ó ń kọ́kọ́ pa ẹni tí a sé mọ́. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí àwa fúnra wa ti mí jáde ni ó ń ṣáájú pa ni: orí á máa fọ́ni, èèyàn á máa mí hẹlẹ, ọkàn á dàrú, lẹ́yìn náà oorun tí a kì í jí. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Thetis ti Gẹ̀ẹ́sì rì nítòsí Liverpool ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1939, ènìyàn 99 ni ó kú nínú rẹ̀, 4 péré ni ó jáde. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, J. B. S. Haldane, ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá irin láti mọ ohun tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ènìyàn. Ní ti Okene, omi ti fún afẹ́fẹ́ inú yàrá rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ju bí ààyè náà ti fẹ̀ tó lọ. Omi òkun pẹ̀lú sì ń fa díẹ̀ mu lára èémí búburú náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà á là yìí kan náà ni ì bá pa á lọ́nà ilé. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá, pàápàá èyí tí a ń pè ní náítírójìn. Bí ènìyàn bá gòkè kíákíá, yóò hó lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń hó bí a bá ṣí ìdérí ìgò rẹ̀. Àrọ, ìrora oríkèé tàbí ikú ni ó ń yọrí sí. Baba Haldane, John Scott Haldane, fi ewúrẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Bí ewúrẹ́ kan bá gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè tí kò lè tẹ̀ ẹ́, wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti yára gbé e gòkè jù. Láti ara àwọn ẹran wọ̀nyí ni ìlànà tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1908 ti wá, èyí tí ó sọ bí òmùwẹ̀ yóò ti máa dúró díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ń gòkè.

Ìlànà náà kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí ó bá pẹ́ nísàlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Groton, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ìwádìí ìṣègùn fún àwọn atukọ̀ abẹ́ omi wà, ni ìdáhùn ti wá. Nínú ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó dára, afẹ́fẹ́ kò ju ti orí ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá rì, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ní láti la omi kọjá. Dókítà George Bond àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò níbẹ̀ ní ọdún 1957, lára ẹran ná, lẹ́yìn náà lára ènìyàn. Wọ́n rí i pé ìgbà kan ń bẹ tí ara yóò ti mu náítírójìn yó, tí kò ní gbà mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ì báà ṣe ọjọ́ 2 tàbí oṣù kan ni ènìyàn lò nísàlẹ̀, iye àkókò kan náà ni yóò fi gòkè. Ní ọdún 1964, àwọn ọkùnrin 4 gbé inú ilé irin nísàlẹ̀ òkun Bermuda fún ọjọ́ 11.

Ara Okene ti yó bẹ́ẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ náà mọ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ yá, wọ́n dé e ní àṣíborí èémí, wọ́n mú un wọ inú àgọ́ irin tí a fi ń gbé òmùwẹ̀ gòkè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tì í mọ́ yàrá irin fún ọjọ́ tí ó lé ní méjì, wọ́n ń dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fi àánú sáré fà á jáde sínú oòrùn, òkú ni à bá gbé fún ìyàwó rẹ̀.

Àwọn ará Groton ń wádìí nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Láti ìgbà tí Nautilus ti fi agbára átọ́ọ̀mù rìn ní ọdún 1955, ọkọ̀ abẹ́ omi kò nílò àti máa gòkè wá afẹ́fẹ́ mọ́, ó wá ku oúnjẹ àti ara ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wákàtí 18 ni ọjọ́ kan fún atukọ̀ Amẹ́ríkà: 6 fún iṣẹ́, 12 fún ìyókù. Ara kò gbà á. Oorun kò kún, ojú ń wúwo lẹ́nu iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà sí wákàtí 24.

Ní ojú tiwa, ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá iṣẹ́ òmùwẹ̀ ní Abidjan tàbí ní Warri kọ́kọ́ bi agbaniṣíṣẹ́ kì í ṣe ti owó oṣù. Kí ó béèrè ibi tí yàrá irin wà, iye wákàtí tí a ó fi dé ibẹ̀, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Okene fúnra rẹ̀ padà sínú omi nígbà tí ó yá: ó kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.