Àwọn ọdẹ agbófinró ní Òkè-Ògùn

Àwọn ọdẹ agbófinró ní Òkè-Ògùn ni àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ igbó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ààbò ìlú, tàbí tí wọ́n ti ìdí iṣẹ́ ọdẹ bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ ìjọba. Agbègbè ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, ní àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn sì wà lára àwọn ìlú ńlá rẹ̀.

Ipò ọdẹ láyé àtijọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ kì í ṣe apẹran nìkan. Òun ló mọ ọ̀nà inú igbó, òun ló ń tọ ipasẹ̀ olè, òun náà ló sì ń ṣọ́ ìlú lóru. Bí ogun bá ń bọ̀, ọdẹ ni a ń rán lọ wo ibi tí ọ̀tá wà. Olúọdẹ ni olórí wọn, abẹ́ ọba àti àwọn ìjòyè ni gbogbo wọn sì wà. Nítorí náà, bí ọdẹ kan bá ṣi agbára lò, ará ìlú mọ ẹni tí wọn yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ayé ìjọba amúnisìn

Ètò yìí yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí Captain W. A. Ross jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀yọ́, tí Ládìgbòlù Kìíní sì wà lórí oyè Aláàfin (1911–1944), ìjọba náà fi kún agbára Ọ̀yọ́ lórí àwọn ìlú Òkè-Ògùn. Wọ́n dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Àwọn akọ́dà ni ìránṣẹ́ kóòtù. Àwọn ló ń pe ènìyàn lẹ́jọ́, tí wọ́n sì ń mú arúfin. Ìtumọ̀ orúkọ wọn ni ẹni tó gbé idà kọ́. Kóòtù ni wọ́n ń jíhìn fún, kì í ṣe ará àdúgbò.

Àwọn ará ìlú ń kùn nípa kóòtù náà àti nípa iṣẹ́ àfipáṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò. Wọ́n pa ọba Òkèihò àti àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ kóòtù. Ìjọba rán ọmọ ogun lọ, wọ́n sì fìyà ńlá jẹ àwọn ọlọ́tẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 1966, a tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló sì ń darí ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tí a gbé wá sí Ṣakí lè má mọ ọ̀nà oko kan. Ní ọdún 1991, Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, di ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba ló ń ṣọ́ ọ, a kò sì gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀.

Àmọ̀tẹ́kùn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, nítorí ìjínigbé àti ìjà àgbẹ̀ pẹ̀lú darandaran. Ọ̀pọ̀ ọdẹ wọ inú ẹ̀ṣọ́ yìí, wọ́n sì di òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n abala 214 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 sọ pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà. Nítorí náà, bí Àmọ̀tẹ́kùn bá mú afurasí, ọlọ́pàá ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́. Ìbéèrè tó fa ọ̀tẹ̀ ọdún 1916, èyíinì ni ẹni tí agbófinró ń jíhìn fún, ṣì wà nínú àríyànjiyàn lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ títí di òní.